Ohun Tí Adìẹ Màámi Kò Rí Jẹ ní Ṣakí

Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adìẹ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò burú o, ṣùgbọ́n bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọn á mi orí, wọn á sì bá tiwọn lọ. Èmi tí mo wá láti Ṣakí, níbi tí èèyàn kò ti gbọdọ̀ kọjá níwájú ilé láì kí onílé, tí wọ́n á bi ọ́ léèrè ilé, ọ̀nà, ọmọ, àti ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń dùn wọ́n! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀. Ìgbà tí mo wá ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ adìẹ tí wọ́n gbà mí sí, ariwo tó ta sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Abúlé kan ni, ní apá àríwá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bí ẹni pé ó ń bá èèyàn jà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa ẹyin, kí n máa wo omi, kí n sì máa yọ èyí tó bá kú kúrò láàárín àwọn tó kù. Hẹ́lẹ́nì ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọjọ́ orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́nà, èmi náà á sì máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí n kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá ara mi kò yá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá dá mi padà sílé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ara líle koko, mo ń wo pápá láti ojú fèrèsé. Pápá náà tẹ́ lọ rẹrẹ bíi ti ọ̀nà Ogbooro, ṣùgbọ́n kò sí igi òrí kan níbẹ̀ tí èèyàn lè ṣa èso rẹ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí ẹni tó ń dáná sun oko. Ojú wá ń ro mí.

Mo ní adìẹ tèmi nílé. Kí n tó kúrò ní Ṣakí, iṣẹ́ káńsù ni mò ń ṣe ní Òtu, irú iṣẹ́ tí oṣù á parí tí àdúrà nìkan ló máa kù. Màámi ní tiwọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ru ọjà gba Ìjió, wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń bọ̀, títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Èmi àti àwọn la jọ kọ́ àgọ́ adìẹ sẹ́yìn ilé. Ìmọ̀ràn tí a jọ dá ni pé kí n jáde lọ fúngbà díẹ̀, kí n máa fi nǹkan ránṣẹ́ kí àgọ́ náà lè gbòòrò, kí Màámi máa tọ́jú àwọn adìẹ. Bí ẹyin bá ti ń pọ̀ tó ohun tí èèyàn méjì lè fi jẹun, kí n padà wálé ká jọ máa ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kúrò láì sunkún lójú àwọn èèyàn. Bí adìẹ bá yé, mo ń lọ sílé nìyẹn. Bí wọn kò bá yé, ọ̀dọ̀ atẹ́gùn oníjà yìí ni mo máa wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Màámi máa ń pè, lẹ́yìn ìrun. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yí padà.

"Ṣé ò ń kírun?"

"Mò ń kí i, Màámi."

"Márààrún?"

"Márààrún, Màámi."

N kò parọ́. Nígbà òtútù, oòrùn ibẹ̀ a máa wọ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà yàrá tí a ti ń to ẹyin sínú páálí ni mo ti máa ń kírun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Hẹ́lẹ́nì já wọlé bá mi, mo wà ní ìforíkanlẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó figbe ta, ó fi fóònù sétí, ó ń wá ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, èmi sì ń kánjú parí ohun tí mò ń kà kí n tó lè dìde lọ tu ú nínú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì mo bá páálí mímọ́ kan tí wọ́n ti gé, tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún mi. Mo ròyìn rẹ̀ fún Màámi, mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n kàn ní, "Sá máa ṣọ́ra ẹ."

Ìpè tó kó mi láyà sókè dé ní Jímọ̀ kan tí òjò dídì ń rọ̀. Mo ti fèsì ìrun, mo ti fèsì oúnjẹ. Màámi wá ní:

"Àwọn adìẹ ẹ yìí ń ya wèrè o."

"Wèrè báwo, Màámi?"

"Wọ́n ń fa ìyẹ́ ara wọn tu. Wọ́n sì ń gbé e mì."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Ẹyin ń bẹ."

"Ṣé ó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Ọlọ́hun ló ń fúnni, ọmọ mi."

Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá wa á mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi Ọlọ́hun dáhùn ẹni tó bi wọ́n ní iye, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ya fídíò ránṣẹ́ sí mi. Àtàǹpàkò wọn ni mo kọ́kọ́ rí, ó bo ojú fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn adìẹ mi. Ẹ̀yìn wọn ti ṣí sílẹ̀, awọ wọn pupa, ìdí òmíràn ń ṣẹ̀jẹ̀. Màámi fi ẹyin kan há àtẹ́lẹwọ́ fún mi wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹyin ẹyẹlé lọ.  

Wàhálà kí èèyàn wà lókèèrè ni pé kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ lè kàn. Mo ń tọ́jú adìẹ aládìẹ láti àárọ̀ dalẹ́, mo ń wo ìyẹ́ wọn tó ń dán, tèmi sì ń rìn níhòòhò ní Ṣakí. Mo bi Màámi bóyá oòrùn ń mú wọn jù, bóyá kòkòrò inú ìyẹ́ ń jẹ wọ́n, bóyá omi ń tán. Wọ́n ní rárá. Mo ní kí wọ́n pe dókítà ẹran. Dókítà wá, ó wo ìgbẹ́ wọn, ó wo ojú wọn, ó ní òun kò rí àìsàn kankan. Ó fún wọn ní oògùn aràn, ó sì ní kí Màámi yẹ oúnjẹ wọn wò.

"Mo ní oúnjẹ ò ṣe nǹkan kan," Màámi sọ fún mi. Ó yá jù lẹ́nu wọn.

Níkẹyìn mo fi fídíò náà han Hẹ́lẹ́nì nígbà tí à ń mu tíì. N kò fẹ́ fi hàn án tẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí, kó má baà rò pé bí a ṣe ń sin adìẹ nílẹ̀ wa nìyẹn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó tún un wò.

"Nǹkan kan ló dín nínú oúnjẹ wọn," ló sọ. "Ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n ti ń wá a."

Ó wá ṣàlàyé fún mi, ó rọra sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní àwọn oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, bíi sóyà àti ẹja, inú adìẹ á tú wọn sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní àmínò ásíìdì. Òun ni ara adìẹ tún ń kó jọ láti fi ṣe ìyẹ́, láti fi ṣe ẹran ara, láti fi ṣe ẹyin. Oríṣiríṣi ni, ara adìẹ kò sì lè dá àwọn kan ṣe. Inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí wọn, pàápàá méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ láísìn àti mẹtáyónìn. Bí ọ̀kan bá dín, adìẹ ì báà jẹun yó bàǹbà, iṣẹ́ kò ní lọ.

Mo ní kó dúró ná. Ìsẹ́yìn ló wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tó ń hun aṣọ òfì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí òwú pupa bá tán lórí aṣọ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òwú funfun ì báà ga dé àjà, wọn á dáwọ́ dúró ni. Funfun kò lè ṣe iṣẹ́ pupa. Àgbàdo pọ̀ nínú àgọ́ wa, kúlíkúlí pọ̀, ṣùgbọ́n òwú kan ti tán, ara àwọn adìẹ náà kò sì rí nǹkan hun. Ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké, ẹ̀rù mi sì pọ̀ sí i, nítorí pé kí n tó kúrò nílé, kò sí òwú tó dín. Èmi fúnra mi ni mo yan ohun tí wọ́n ń pò.

Bí mo ti délé ni mo pe Màámi.

"Màámi, kí lẹ̀ ń fún wọn jẹ?"

"Oúnjẹ tí o fi sílẹ̀ ni."

"Ẹ kà á fún mi."

"Àgbàdo. Sóyà. Kúlíkúlí. Egungun lílọ̀. Òkúta tó ń mú èèpo ẹyin le. Iyọ̀."

"Ìyẹ̀fun dúdú yẹn ńkọ́?"

Mo gbọ́ adìẹ. Mo gbọ́ alùpùpù kan tó kọjá. "Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn," ni Màámi wí, ni wọ́n bá pa fóònù. N kò gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn kankan.

Wọn kò gbé fóònù mi ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Háà! Ẹ̀mí mi kúrò lára adìẹ, ó bọ́ sára ìyá. Bóyá ara wọn kò yá. Bóyá wọ́n ti ta àwọn adìẹ náà tí wọn kò fẹ́ kí n mọ̀. Mo fọ́ ẹyin tó pọ̀ lọ́sẹ̀ náà débi pé Hẹ́lẹ́nì ní kí n lọ máa gbálẹ̀. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo pe Bàbá Kàmọ́rù, ẹlẹ́rọ tó ń lọ oúnjẹ adìẹ fún wa ní Ṣakí.

"Ìyá ẹ ló ní kí n má fi sí i mọ́," Bàbá Kàmọ́rù sọ. "Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìyẹ̀fun dúdú yìí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ màlúù ni, láti odò ẹran, tí wọ́n sè tí wọ́n sá gbẹ. Wọ́n káwọ́ lérí! Wọ́n ní haráámù ni ẹ̀jẹ̀, àwọn ò sì lè máa fi bọ́ adìẹ tí àwọn ń ta ẹyin ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Wọ́n bi mí nípa ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú ọ̀rá kékeré náà. Mo ní mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fimú gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní ìyẹn náà ń rùn, kí n yọ ọ́. Àgbàdo àti kúlíkúlí ni mo fi dí àyè méjèèjì."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ ni. Mi ò sí níbẹ̀ o."

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé láísìn wọlé. Ìyẹ̀fun funfun tó ń rùn ni mẹtáyónìn. Ọjọ́ kan náà ni Màámi lé àwọn méjèèjì jáde kúrò nínú àgọ́, wọ́n sì ń retí kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà dí ibẹ̀. Mo bínú, mo rin yàrá mi lọ, mo rìn ín bọ̀. Mo wá pe nọ́ńbà ará ilé tí ògiri wọn kan ti Màámi, mo ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún wọn.

"Màámi, kí ni mo ṣe tí ẹ fi ń sá fún mi?"

Wọ́n kọ́kọ́ kí mi, kíkí gígùn bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù pé tí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí n dá ẹ̀jẹ̀ náà padà. Wàá ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Tí o bá sì sọ bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ní kàkà kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, kí n kúkú máà bi ọ́."

Mo sunkún. Mo ti ń rò ó pé èmi nìkan ló ń bẹ̀rù. Ní ibi tí mo wà, wọ́n ń yẹ ìwé mi wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí n dúró. Nílé, Màámi ń fi ìrun àti ẹ̀jẹ̀ màlúù yẹ èmi fúnra mi wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ṣì jẹ́ tiwọn. Kò sí ibi tí mo lè kàn jókòó sí láìsí ẹni tó ń wojú mi. Ó dùn mí pé wọ́n rò bẹ́ẹ̀ sí mi. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé kí n tó gbé fóònù, "ẹ dá a padà" ló wà lẹ́nu mi lóòótọ́.

Mo gbé e mì.

"Ẹ má dá ẹ̀jẹ̀ padà, Màámi."

"Àlìhámúdù lílàhì," wọ́n wí. Ohùn wọn rọ̀.

"Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹja ò burú?"

"Ẹja? Ẹja kò ní haráámù."

"Kí Bàbá Kàmọ́rù bá yín wá ẹja gbígbẹ lílọ̀, kó sì dín kúlíkúlí kù, kó fi sóyà dípò ẹ̀. Kí sóyà náà jẹ́ yíyan o, tútù ẹ̀ kì í jẹ́ kí adìẹ rí oore tó wà nínú ẹ̀ lò. Ìyẹ̀fun funfun yẹn, ẹ dá òun padà. Mo ti bi ọ̀gá mi léèrè, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó, kò sí ẹran kankan níbẹ̀. Ìkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ láísìn tún wà, ẹ fi ìyẹn náà kún un. Ṣúgà ni wọ́n ń mú kan bí a ṣe ń mú ògì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i."

"Ògì," ni Màámi wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. "Òyìnbó ń mu ògì, wọn ò wí fún wa."

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe le tó, kó yí oúnjẹ adìẹ padà kó sì máa retí ẹyin láti òkèèrè. Díẹ̀ kú nínú wọn kí ara àwọn tó kù tó mókun, Màámi sì ń sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi bí ẹni ń túfọ̀. Ní gbogbo àkókò náà ni mo kọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Hẹ́lẹ́nì yá mi ní ògbólógbòó kan. Mo ṣubú sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹrẹ̀ bò mí dé etí. Bàbá arúgbó kan tí mo ti ń kí láti ìgbà tí mo ti dé, tí kì í dáhùn ju kó mi orí lọ, sáré jáde wá fà mí sókè. Ó bi mí bóyá mo fara pa. Ó bi mí ní orúkọ mi. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń kí mi kí n tó kí i, n kò sì mọ ìdí tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ròyìn ẹ̀ fún Màámi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹyin tóbi kí ó tó pọ̀. Lẹ́yìn náà ó pọ̀. Ìyẹ́ kò tètè padà, ṣùgbọ́n wọ́n dẹ́kun à ń fà á tu. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò tó gún régé, láìsí àtàǹpàkò. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ń sin adìẹ láti Ogbooro ń wá bi àwọn léèrè ohun tí àwọn ń pò, àwọn á sì jókòó, àwọn á fi ọ̀rọ̀ òwú tó tán ṣàlàyé fún wọn bí ẹni pé àwọn ni àwọn kọ́kọ́ rò ó. Mi ò já wọn nírọ́. Bí mo bá gbé fóònù báyìí, àyà mi kì í já mọ́ fún ọ̀rọ̀ adìẹ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan báyìí ni Hẹ́lẹ́nì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ àgọ́ tuntun, ó ní òun fẹ́ kí n máa ṣe àbójútó ẹ̀, kí n tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe fún ọdún mélòó kan sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ dáadáa kí n tó dáhùn.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màámi pè.

"Ṣé ò ń kírun?"

"Mò ń kí i, Màámi."

"Àwọn adìẹ ẹ ti dúró o. Ẹyin tó jáde láàárọ̀ yìí, mi ò rí ibi kó o sí. Ó ti tó èèyàn méjì í jẹ, ó tún lé. Mo ti ní kí akunlé wá wo yàrá ẹ, kó lè gbẹ kí o tó dé. Àwọ̀ wo lo fẹ́?"

Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo gbà fún Hẹ́lẹ́nì. Àwọn adìẹ tí mo fi ń ṣe àwáwí pé mi ò tíì lè bọ̀ ló ń ké nínú àgọ́ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń yé.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi? Àwọ̀ wo?"

Mo ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ràn ẹ̀, àwọn á rán sí akunlé lọ́la kó wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, Màámi. Mo dúró kí wọ́n pa fóònù, wọ́n sì pa á.